Pírósẹ́sọ̀ Tí Ínfátà Wa Lè Gbé

Ọmọbìnrin wa máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, á sì máa fi í han àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń gbá a, á máa bú wọn, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó pa gbogbo rẹ̀ tì. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò gbọ́ kó dárúkọ géèmù mọ́, àfi lọ́jọ́ tí mo bá mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun, pátákó tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mọ́, lórí tábìlì ìjẹun.

"Dádì, pírósẹ́sọ̀ ló kù. Ẹ bá mi dé Yábàá."

Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ inú ọkọ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi pé pírósẹ́sọ̀ ló ń ronú fún kọ̀ǹpútà, àti pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọ gbogbo mọ́dábọ́ọ̀dù. Èyí tó fẹ́ rà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: kó gbé géèmù, kó sì máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òǹwòran lẹ́sẹ̀ kan náà.

Nígbà tí a dé Yábàá, oníṣọ́ọ̀bù kan wo nọ́ńbà mọ́dábọ́ọ̀dù náà lórí fóònù ọmọ mi, ó gbé páálí pírósẹ́sọ̀ méjì kalẹ̀.

"Méjèèjì ló máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí ni bàbá wọn." Ó fọwọ́ lu èyí tó tóbi. "Ó kàn ń jẹ iná bí ẹni tí ò jẹun láti àná ni. Irú iná wo lẹ ní nílé?"

"Jẹnẹrétọ̀ kékeré," ọmọ mi yára dáhùn.

"Àǹtí mi! Kẹ́ ẹ tó fa jẹnẹrétọ̀ tán, àwọn tó ń wò yín á ti jẹun, wọ́n á ti sùn. Ẹ ò ní ínfátà ni?"

"A ò ní."

Páálí ni ọmọ mi ń wò nígbà tó sọ ọ́. Kò wojú mi.

A ní ínfátà. Yàrá èmi àti ìyá rẹ̀ ló wà, ní Sùúrùlérè. A rà á nígbà tí àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà ní kí ìyá rẹ̀ máa gba ọ́síjìn nílé, kí ẹ̀rọ náà má bàa kú bí iná bá lọ. Mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn sí i, ìbáà ṣe fóònù. Mi ò tíì yí òfin náà padà. Wáyà ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì ń gbálẹ̀ yí i ká láràárọ̀.

"Ẹ fún mi ní kékeré," ọmọ mi wí. "Tí iná bá lọ, ó lọ náà nìyẹn."

"Ínfátà wà," mo ní.

Oníṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀hẹ́n! Dádì ń fi í pamọ́ fún wa. Kí ló lè gbé?"

"Ẹ̀rọ ọ́síjìn. Ó máa ń gbé e di ojúmọ́."

"Ta ló wà lórí ọ́síjìn, sà?"

"Ìyàwó mi. Ó ti sinmi."

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Lẹ́yìn náà la jọ ṣírò iná. Èyí tó tóbi, tó pè ní bàbá wọn, á tètè jẹ bátìrì ínfátà tán. Kékeré náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú kọ̀ǹpútà, kò ní jẹ ju ohun tí ẹ̀rọ ọ́síjìn ń jẹ lọ púpọ̀.

"Ṣé á lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì?"

"Á ṣe é, sà. Àwòrán ò kàn ní fi bẹ́ẹ̀ dán ni."

"Wọn ò wá wo dídán," ọmọ mi wí. "Èébú ni wọ́n ń wá gbọ́."

A ra kékeré. Bí a ti ń padà lọ sílé, ọmọ mi ní, "Dádì, kò pọn dandan o."

"Mo mọ̀."

Nígbà tó to kọ̀ǹpútà náà tán, èmi fúnra mi ni mo yọ wáyà ẹ̀rọ ọ́síjìn. Mo ká a, mo fi okùn dì í. A gbé tábìlì rẹ̀ wọ yàrá wa.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọ́kọ́ tún jáde sí àwọn èèyàn rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi wà ní pálọ̀ nígbà tí iná lọ. Mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ lọ wò mọ́.

Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ibẹ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí kí iná mi lọ, ó ti lọ o! Mo ṣì ń nà yín!"

Ínfátà náà ń kùn bó ṣe máa ń kùn. Mo dúró tẹ́tí sí i díẹ̀, mo sì padà lọ jókòó.