Ìgò Omi Nínú Àpótí Ẹyin

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Bódìjà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé láràárọ̀, èmi ń bá ìyá mi kiri ẹyin. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ṣèlérí pé bí adìyẹ òun bá pọ̀ díẹ̀ sí i, màá gbé igbá sílẹ̀, màá sì wọ ilé ìwé. Àfi bí olè ṣe wọlé, tó kó gbogbo adìyẹ náà lọ. Ẹyin inú apẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù, kò sì sí àgbébọ̀ tí yóò sàba lé e.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé àpótí pákó kan jáde, ó gbé àtùpà sábẹ́ rẹ̀, ó sì mú ohun tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara aláìsàn wá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wò ó: bí inú àpótí bá tutù, kí n yí òwú àtùpà sókè, bó bá gbóná jù, kí n yí i wálẹ̀.

"Àgbébọ̀ mi," ló ń pè mí, "ṣé o ti ṣe tán láti sàba?"

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹyin. Ìgò abẹ́rẹ́ tí a rọ omi sí ló kọ́kọ́ tò sínú àpótí.

Ìyá mi ní, "Màmá, ṣé ìgò náà ń pa ọmọ ni?"

"Bí a bá ṣìṣe lórí ìgò, ta ló máa sunkún?"

Nígbà tí mo ń yí òwú díẹ̀díẹ̀, ooru ń padà síbi tí a fẹ́, ó sì ń dúró. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa yí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru fò kọjá. Mo yí i wálẹ̀, ó tutù jù. Mo tún yí i sókè, ó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò fara balẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ibi tó ti ń ya wèrè nìyẹn. Padà sí ìdajì."

Lẹ́yìn náà, ó ń rán mi níṣẹ́ kí n tó wo àpótí. Mo lọ pọnmi, ooru ṣì dúró. Mo lọ jìnnà sí i, ó ń mì díẹ̀, ó ṣì dúró. Ìgbà tó ń rán mi dé Dùgbẹ̀ ni ooru tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Bí a ṣe mọ àyè méjèèjì nìyẹn: bí ọwọ́ mi ṣe lè le tó, àti bí mo ṣe lè pẹ́ tó, kí nǹkan tó bàjẹ́.

"Pé ó dúró lónìí kò tó," ló sọ. "Àyè wo ló kù kó tó ṣubú?"

Ìgbà náà la wá to ẹyin sí i.

Kò pẹ́, kẹrosíìnì wọ́n. Mo tò sórí ìlà ní Ṣàngó, òjò sì tún dá mi dúró. Nígbà tí mo délé, àpótí ti tutù, ìyá mi sì dúró tì í, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Yí i sókè pátápátá! Ilé ìwé rẹ ló ń kú lọ yìí!"

Nọ́ọ̀sì wọlé, òjò ń kán lára rẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá mi mú.

"Ìyàwó, a ti pẹ́ ná. Má fi ọwọ́ líle kún pípẹ́."

Mo yí i díẹ̀. A jókòó. Ìyá mi kò lè wò ó, ó kọ ẹ̀yìn sí àpótí. Díẹ̀díẹ̀, ooru padà.

Kì í ṣe gbogbo ẹyin náà ló pa, ṣùgbọ́n èyí tó pa tó. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé, mo ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ló mú mi lọ. Ó sọ fún olùkọ́ pé, "Ó pẹ́ kó tó dé. Ẹ rọra mú un o."

Ẹ̀yin ọmọ òní, ayé ti yára. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ó gba yàrá sí Agbowó. Nígbà tí mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, ó fi àpótí ooru kan hàn mí nínú kọ̀ǹpútà, àpótí tí kò sí níbì kankan láyé. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, kọ̀ǹpútà sì sọ àyè méjèèjì fún un kí n tó jókòó dáadáa. Kò sẹ́ni tó rìn dé Dùgbẹ̀. Ó wù mí kí ìyàwó mi, ìyá rẹ̀, ṣì wà láyé, kó rí i.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì sùn. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ti parí iṣẹ́ wọn, òun nìkan ló kù.

"Bàbá, mo ti pẹ́."

Ó kù díẹ̀ kí n ní kó yára. Mo rántí ọwọ́ nọ́ọ̀sì lórí ọwọ́ ìyá mi. Mo ṣí oúnjẹ tí mo gbé wá fún un, mo ní kó jẹun ná.