Noelene Gbà Á

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn Mervyn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá a pàdé nílé ọtí ìlú Orroroo níbí, kò sí ọjọ́ kan tó fara balẹ̀ ta pókà. Bó rí káàdì gidi, á halẹ̀. Bí kò rí, á halẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Noelene ní tiẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe. Ó ti ń gbá ilé ẹ̀kọ́ wa láti ọdún méjìlélógún, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo mọ́ eruku rí. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí sí ìlú ńlá Adelaide tó jìnnà sí wa, mọ́tò ẹ̀ sì ti dákẹ́ sẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú pókà wa lọ́sàn-án Sátidé yẹn ló máa wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lọ Adelaide, láti lọ bá wọn ta ìdíje ńlá. Ó wá ku Noelene àti Mervyn.

Káàdì méjì ló wà lọ́wọ́ Noelene: ọba àti mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án kan tún wà nínú márùn-ún tó wà lórí tábìlì fún àwọn méjèèjì, àmọ́ àwọn káàdì tó jù ú lọ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ìyá ọkọ. Kò burú tó ohun tí èèyàn ń jù nù, kò sì dáa tó ohun tí èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tó tún wá burú ni pé òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kì í mọ inú ẹnì kejì. Noelene fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé òun ò fi nǹkan kan sí i.

Kò tíì kàn án tán tí Mervyn fi ti gbogbo ike tó dúró fún owó ẹ̀ síwájú.

"Gbogbo ẹ̀ rèé! Ìyá àgbà, ṣé o gbà, àbí o fẹ́ lọ sùn?"

"Ṣe sùúrù, Mervyn."

"Sùúrù kẹ̀? Ọmọ yẹn á ti gbéyàwó kó o tó débẹ̀!"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da bíà lé e lórí, àmọ́ owó mi ni mo fi rà á. Bí Noelene bá gbà, ẹni tí káàdì ẹ̀ bá dáa jù ló máa kó gbogbo ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ẹ́ dá káàdì padà. Ojú mi ló ṣe.

Àfi gbàà tí Desley, ìyá ọlọ́tí tó tún jẹ́ adájọ́ wa, ké nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ẹran. Gbogbo Sátidé la máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ká lè jẹ abọ́ ẹran àgùntàn.

"Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún!"

Noelene fò dìde, ó na tíkẹ́ẹ̀tì sókè. "Mo gbà á! Mo gbà á!"

Desley sáré wá. "Ó ti gbà o! Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde nídìí pókà, kò ṣeé kó jẹ."

"Ẹran ni mo ní mo gbà!"

"Ẹran wo? O dorí tíkẹ́ẹ̀tì kodò. Méjìdínláàádọ́rin nìyẹn!"

Ni irun imú Mervyn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Àṣìṣe ni," ló ń wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó tún un rò."

"Ṣí káàdì ẹ, jàre!" Èmi ni mo pariwo yẹn.

Ó ṣí i. Méjì àti mẹ́rin, wọn ò bá nǹkan kan mu. Òfo ọjọ́ kejì ọjà! Mẹ́sàn-án méjì péré ló lé e nílé.

"Wọ́n á jẹ ẹ́ ní tútù nínú ìdíje yẹn," ni Mervyn ń bú u.

Noelene ń kó ike jọ. "Ta ló fẹ́ ta ìdíje? Lọ bá mi ta á. Ọmọ ni mo ń lọ gbé."

Ojú Mervyn là. "Bọ́ọ̀sì wá ńkọ́?"

"Tèmi ni. Ìwọ, wá nǹkan gùn."