Ọjọ́ Mẹ́ta tí N Kò Kúnlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rere nípa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, kó lọ bá àwọn ará Ìwàrà. Wọ́n á ní ó lawọ́, wọ́n á ní ó mọ ọmọ tọ́jú. Èmi bá a gbé ilé oníyàrá méjì fún ọdún mẹ́fà ní Òṣogbo, mo sì mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó.

Ó wá láti Ìwàrà láti bá mi wẹ ọmọ nígbà tí mo bí ọmọ mi karùn-ún. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Ọmọ náà ti ń sáré kiri àgbàlá kí n tó mọ̀ pé kò ní lọ mọ́. Ó ní ọkọ òun ti kú, pé ilé àbúrò òun ni ilé òun. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé ni ọkọ mi nídìí iṣẹ́ reluwé, ẹni tí kì í gbójú sókè sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó sì máa ń gbé gbogbo ohùn rẹ̀ bọ̀ wálé fún wa.

Ọmọ márùn-ún ni mo bí láàárín ọdún mẹ́jọ: obìnrin kan ṣáájú, ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e, obìnrin kan kẹ́yìn. Tíṣà ni mí. Owó oṣù tèmi àti ti ọkọ mi ń bọ́ wa, ó tún ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ìwé, nítorí náà n kì í fi ohunkóhun ṣòfò. Èèpo iṣu tí mo bá bẹ, mo máa ń sá a, mo máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ èlùbọ́. Orí ẹja ni mo fi ń se ọbẹ̀, nítorí pé bí a bá sè é dáadáa, ọmọ kò ní mọ̀ pé ara ẹja kò sí níbẹ̀. Agolo mílíìkì ni ife omi wa. Omi kan náà ni mo fi ń wẹ ọmọ mẹ́ta, ẹni tó mọ́ jù lọ á kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó dọ̀tí jù lọ á kẹ́yìn, omi ìdọ̀tí náà á wá lọ sídìí ẹ̀fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń fá orí àwọn ọkùnrin fúnra mi. Ẹni tó bá mi orí, màá fi ẹ̀yìn kóòmù gbá a.

Mo lù wọ́n, n kò ní parọ́. Ẹni tó bá da gààrì sílẹ̀ á jẹgba. Ẹni tó bá ya aṣọ á jẹgba. Gbogbo ilé tó wà ní àgbàlá wa ló ń lu ọmọ, tí igbe bá sọ láàárọ̀, èèyàn á kàn gbé etí sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń bèèrè kí n tó nà. Ìyẹn ni mo fi yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Bàbá mi jẹ́ òṣómàáló. Ó ń gbé aṣọ lérí láti ìlú dé ìlú títí tó fi fẹ̀yìn tì sí Iléṣà. Nígbà tó kó ọjà rẹ̀ nílẹ̀, ó fún mi ní ìgàn aṣọ kan odindi, aláwọ̀ aró, onílà wẹ́wẹ́, tí oòrùn ti pa lójú ìṣẹ́po tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ìgàn náà rán ṣòkòtò penpe àti bùbá fún ọkùnrin mẹ́ta, mo rán gáùn fún obìnrin méjì, mo fi ìyókù ṣe aṣọ ìrọ̀rí àti aṣọ fèrèsé. Tí a bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará àgbàlá á ní, “Tíṣà, fèrèsé ńkọ́? Ṣé kò ní bá yín lọ ni?” Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Aṣọ kò ya, ó sì bo gbogbo wọn.

Ọmọ mi kẹta àti ìkẹrin kò fi gígùn ju ara wọn lọ mọ́, nítorí èèyi tó mú ìkẹta ní ọdún tó ṣáájú ti jẹ ẹ́ kù. Orí fífá kan náà, aṣọ kan náà. Láti ẹ̀yìn, èmi nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti iwájú, ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn wọn ti mọ̀: ìkẹta kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ìkẹrin kò lè parọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ìkẹrin nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ro ẹ̀kọ tà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà ọlidé, ó gbé ìkòkò ògì rẹ̀ sórí pèpéle kó lè tòrò. Ọmọ mi kẹta ń lé alángbá, ó sọ òkúta, òkúta bá ìkòkò. Mo gbọ́ bí ó ṣe fọ́, nítorí mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, ó rí ẹ̀yìn aláwọ̀ aró kan tó yí ògiri lọ. Ó gba òdìkejì. Ìkẹrin ni ó bá níbẹ̀, ó lóṣòó, ó ń fi eérú fọ agolo tí mo ní kó fọ̀.

Kò bèèrè. Ẹgba àkọ́kọ́ bà á lẹ́yìn. Ọmọ náà yíjú láti wo ẹni tó ń lù ú, ìkejì sì bà á ní etí òsì. Mo gbọ́ ọ láti ibi okùn aṣọ, ó dún bí ìgbà tí igbá bá là. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti gbé orógùn sókè lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe?”

“Bi í. Ó fọ́ ìkòkò mi. Ọmọ tí tíṣà bí.”

“Òun kọ́. Láti àárọ̀ ló ti wà níbí, èmi ni mo rán an níṣẹ́.”

“Ṣé mo fọ́jú ni? Aṣọ yìí ni mo rí.”

“Gbogbo wọn ló wọ aṣọ yìí.”

“Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ìwọ lo rán aṣọ kan fún wọn bí ẹlẹ́wọ̀n. Ahun.”

Mo gba orógùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi lù ú. Mo lù ú ní èjìká, mo lù ú ní apá, nígbà tó fi ọwọ́ bo orí, mo lu ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́ tó dún. Obìnrin mẹ́ta ló gbá mi mú. Ìgbà tí wọ́n fi mí sílẹ̀, mo rí ọmọ mi kẹta tó wá wòran, mo sì lu òun náà títí tí aládùúgbò kan fi gbé e sá lọ.

Ọkọ mi dé ní ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀, ó fi ọ̀já di ọwọ́. Ọkọ mi kò wo ọmọ. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó yọ bẹ́líìtì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì nà mí títí tí irin orí bẹ́líìtì náà fi kán. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, òun náà ló gbé àpò ìdáwó káàkiri ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn mo sọ fún un pé mò ń gbé ọmọ lọ sí Iléṣà, nítorí ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ ìtọ́jú ọmọdé.

Ó ní, “Kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, kí o bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà kí o lọ ibi tó wù ọ́.”

“Etí ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀.”

“Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi náà wú. Ọmọ mi ni gbogbo wọn, o mọ̀. Tí o bá gbé ọ̀kan kọjá ẹnu ọ̀nà láìbẹ̀bẹ̀, mẹ́rin tó kù ń lọ sí Ìwàrà. O kò ní fojú kàn wọ́n mọ́.”

Kì í ṣe pé n kò mọ ìkúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí obìnrin náà láràárọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Ti ẹ̀bẹ̀ ni n kò lè ṣe. Mo ní n kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú mo kọjá níwájú rẹ̀ lóòró, n kò kí i. Ó ní, “Tíṣà, orúnkún rẹ kò tíì rọ̀?” Ní ọjọ́ Ajé ara ọmọ gbóná, ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ̀gbọ́n yọ́ adín wá, ó ní kí òun ro ó sí i létí, mo gbá àwo náà mọ́ ògiri. Ọmọ dì mọ́ ìró mi, èmi sì ń wo ìwé ẹ̀rí tíṣà mi tó wà lára ògiri, mo ń sọ fún ara mi pé ará oko tí kò mọ̀wé kò ní sọ mí di yẹpẹrẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́bí mi wá bá mi. Ó ní, “Mọ́mì, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo lu àwo, kò yíjú.”

Mo lọ sí pálọ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ ẹ̀kọ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ṣan ọwọ́, ó ní kí n fi orúnkún rìn súnmọ́ òun nítorí etí òun kò ṣí dáadáa. Mo fi orúnkún rìn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”

“Dìde, ìyàwó wa. N kò bá ọ jà.”

Ní Iléṣà dókítà tan iná sí etí náà. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀. Mo ní àná. Ó pa iná náà.

“Ìyá, eléyìí kì í ṣe ti àná. Ká ní ẹ tètè gbé e wá, bóyá.”

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Etí ọ̀tún, tí ọyún ti ràn dé, padà bọ̀ sípò. Ti òsì kú.

Ọmọdékùnrin náà ti di ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kú. Níbi ìsìnkú ní Ìwàrà, wọ́n ní kí àwọn ìyàwó ilé wá jẹ́rìí rere. Nígbà tó kàn mí, mo ní, “Ẹni tó wà nínú pósí yìí ló fi igi fọ́ ọmọ ọdún márùn-ún létí.” Wọn kò jẹ́ kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò ọkọ mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ẹnì kan fa gèlè mi bọ́, ẹnì kan fi ìgúnpá gún mi níhà, wọ́n wọ́ mi jáde bí wọ́n ṣe ń wọ́ ewúrẹ́. Ọkọ mi kò gbójú sókè.

Ọmọ mi tẹ̀ lé mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò lára ìró mi.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó lọ. Wọ́n ti kú.”

“Èmi kò tíì kú.”

Ó gbọn eruku fún ìgbà díẹ̀ sí i. “Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó kú pé kì í ṣe orógùn ló fọ́ etí mi. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ fi jókòó tì mí, pé ẹ kò fẹ́ kúnlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?”

Ó yí etí ọ̀tún sí mi, ó ń dúró.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní obìnrin burúkú ni, pé irọ́ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ pa. Ó gbà mí gbọ́, a sì wọ mọ́tò Iléṣà. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún báyìí, kò sì tún bi mí mọ́. Òun náà á ka èyí. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un.