Lẹ́tà Tó Gba Ọwọ́ Màdáàmù Kọjá

Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni Wàhábì Ògúnjìmí fi wà lórí ìpele kẹjọ ní ọ́fíìsì ìjọba kan lẹ́bàá títì ní Òkokomàíkò. Àwọn tó wá bá a níbẹ̀ ti ré e kọjá. Ẹniọlá, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to fáìlì, ni òun náà wá ń kí ní "ẹ káàárọ̀ mà" báyìí. Lójú Ògúnjìmí, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: Màdáàmù Adéṣọlá, ọ̀gá ẹ̀ka wọn. Lọ́dọọdún ni obìnrin yìí ń kọ gbólóhùn kan náà sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, pé òṣìṣẹ́ yìí kò mọ lẹ́tà kọ. Ẹniọlá ló rí i nínú fáìlì, tó yọ́ ọ sọ fún un.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣadé ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ nílé wọn ní Ajangbàdì, ó sì sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́rin kí ọbẹ̀ tó tutù. Ni Ògúnjìmí bá mú bírò, ó kọ ẹ̀hónú sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ojú ewé mẹ́ta gbáko.

Ṣùgbọ́n ìjọba ní òfin tirẹ̀. Lẹ́tà tó o bá kọ, ọwọ́ ọ̀gá rẹ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kó fọwọ́ sí i pé òun ti rí i, ì báà jẹ́ ọ̀gá yẹn gan-an lò ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí. Ògúnjìmí wọlé, ó ṣe bí ẹni dọ̀bálẹ̀, ó sì fọwọ́ méjèèjì gbé ẹjọ́ Màdáàmù síwájú Màdáàmù.

Màdáàmù kà á tán, kò bínú. Ó ní èwo ni kí èèyàn máa béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ àwọn ìgbìmọ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí ni? Ó ní láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, lẹ́tà játijàti kan ò tíì ti ọwọ́ òun jáde, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tara òun. Kó lọ tún un kọ. Ògúnjìmí tún un kọ, Màdáàmù dá a padà. Ó tún un kọ, ó tún dá a padà.

Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, Màdáàmù pòṣé, ó fa ìwé mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó to àwọn ọdún náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ó ní Ògúnjìmí gbàgbé ọdún kòrónà, tí ọ́fíìsì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí òun ṣì kọ ọ́ pé kò mọ lẹ́tà kọ. Èyí ló burú jù. Ó ní òfin sọ pé kí ọ̀gá fi fọ́ọ̀mù yẹn han òṣìṣẹ́, òun ò sì fi hàn án rí, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sí i. Ojú ewé kan ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá wọn tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan lójú ọ̀nà Ìbà, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, lẹ́tà lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìgbìmọ̀ pè wọ́n sí Ọ̀jọ́. Alága gbé lẹ́tà náà sókè, ó ní òun ò tíì rí èyí tó dáa tó o látìgbà tí òun ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ó bi Màdáàmù bóyá ẹni tí wọ́n ní kò mọ lẹ́tà kọ nìyí.

"Ta ló kọ ọ́?"

Gbólóhùn kan péré ni Màdáàmù fi máa gba ara rẹ̀ là. Kò sọ ọ́.

"Ẹ bi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, sà."

Alága kọjú sí Ògúnjìmí. Bó bá sọ òtítọ́, Màdáàmù jàre, òun á sì wà lórí ìpele kẹjọ títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ó ro ọdún mẹ́sàn-án. Ó ro Ṣadé.

"Èmi ni, sà."

Wọ́n gbé e ga. Wọ́n fi lẹ́tà ìkìlọ̀ sínú fáìlì Màdáàmù, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ Màdáàmù kí i kú oríire, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Ẹni tí wọ́n bá gbé ga gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ògúnjìmí fi kọ ìlà mẹ́fà, òun náà sì mọ̀ pé kò dáa. Ó gbé e lọ bá Màdáàmù, ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ń retí kó pòṣé.

Màdáàmù kà á dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

"Mà, ẹ ò ní bá mi tún un ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀, Ògúnjìmí? Ṣebí o mọ lẹ́tà kọ."

Ó na ìwé náà sí i, ó sì ní kí ẹni tó kàn máa wọlé.