Ọrùn Tí Kò Jẹ́ Kí N Dìde Nílé Àna Mi

Títí di òní, tí òórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn bá ti kàn mí nímú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí. Á rántí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kan ní Àrámọ̀kọ, tó tutù nini, tí wọ́n ti fi omi ọṣẹ fọ̀ láàárọ̀, tí iyanrìn díẹ̀ ṣì wà nínú ibi tó ti sán. Wọ́n tẹ́ kòkó sórí ẹní lẹ́yìn fèrèsé, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀ kan. Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀ nínú agbádá funfun, níwájú ẹbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n ní kí n dìde. Mi ò dìde.

Ìwọ tí a jọ ń sáré ìròyìn kiri nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, o mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì wà, ṣùgbọ́n Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, títí dé Èrìò àti Ìkògòsì, ni wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú mi. Èjìká òsì ni mo máa ń gbé rẹ́kọ́dà ńlá ìgbà náà kọ́. Tí mo bá sì débi tí tẹlifóònù wà, màá fi èjìká yẹn kan náà há a mọ́ etí, kí ọwọ́ mi lè ráyè ṣí ìwé, màá wá máa pariwo ìròyìn sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ títí ohùn mi yóò fi há. Ìwọ lo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń rìn bí adìẹ tó ń gbọ́ nǹkan lábẹ́ ilẹ̀. Àwa méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí òòyì náà bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́yìn ìrìn àjò jíjìn, tí ilẹ̀ ṣì ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí mo bá yíjú wo ẹni tó pè mí, ògiri á bá mi yí, kò sì ní dúró nígbà tí èmi bá dúró. Èyí tó wá burú jù ni kí n bẹ̀rẹ̀ kí n sì nàró. Rò ó wò ná. Oníròyìn wo ló fẹ́ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa tí kò ní dọ̀bálẹ̀? O fẹ́ bá ọba sọ̀rọ̀, o dọ̀bálẹ̀. Ìjì ṣí òrùlé bàbá àgbẹ̀ kan, o ní láti dọ̀bálẹ̀ kí o tó bi í léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ la fi ń jẹun, òun gan-an ló sì ń dá mi wó.

Ẹ̀fọ̀n ni àṣírí ti tú. Wọ́n ń ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan lórí òkè, èrò pọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè kan, mo dìde, òkè yẹn sì yí pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí rẹ̀. Mo di òpó àtíbàbà mú. Èmi àti òpó la jọ ṣubú. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn obìnrin kan: “Wárápá ni o! Ẹ wá ṣíbí, ẹ fi há a léyín!” Mo fẹ́ sọ fún un pé ara mi kò gbọ̀n, pé mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ṣíbí ti wà lẹ́nu mi. Ṣíbí ọbẹ̀ ni, ata ṣì wà lára rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín Ẹ̀fọ̀n sí Àrámọ̀kọ. Kí mọ́tò tó gbé mi délé, ṣíbí yẹn ti ṣáájú mi.

Ó yẹ kí ojú tì mí. Ojú kò tì mí. Bí ara mi ṣe rí nígbà náà nìyẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi òwú dí èèyàn nínú. Mò ń jẹun, mò ń kọ ìròyìn, mò ń rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ń ṣọ́ra kí ilẹ̀ má yí, kì í ráyè ṣe nǹkan mìíràn.

Mo ti lo oògùn ibà. Wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kò ru. Ìyá mi ti mú mi lọ sí ilé àdúrà, wọ́n da omi lé mi lórí. Oníṣòwò ará Ọ̀yọ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí wa fún mi ní àgbo kan tó mú mi sùn bí òkú, tí mo jí tí òòyì sì jí pẹ̀lú mi. Ìgbà tó yá ni mo rí dókítà àgbàlagbà kan ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjerò. Ó wò mí bí mo ṣe wọlé, ó ní kí n jókòó, ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó sì tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi.

“Ṣé ó ń dùn ọ́?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Ọrùn ta ni?”

“Mo kàn mọ̀ pé ọwọ́ yín wà níbẹ̀.”

Ó tún ibẹ̀ tẹ̀. “Iṣan ibí yìí ti le bí okùn tí wọ́n fi di ẹrù,” ló wí. “Òun ló ń fa òòyì tó ń kọ́ ọ. Wárápá kọ́. Ẹ̀gbẹ́ wo lo máa ń gbé ẹrù sí?” Mo fi èjìká òsì hàn án. Ó ní kí n gbé rẹ́kọ́dà kúrò níbẹ̀, kí n má fi èjìká há tẹlifóònù mọ́, kí n máa fi omi gbígbóná jó o, kí ẹnì kan sì máa fi ọwọ́ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó fi kún un pé: “Yóò lọ, ṣùgbọ́n kò ní yára.”

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ìkògòsì. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí àwọn àlejò ń wá wò láti ọ̀nà jíjìn, ohun tí wọ́n fi ń fọṣọ ni lójú tirẹ̀. Á mú mi lọ síbẹ̀, á ki aṣọ ìnura bọ omi, á tẹ́ ẹ sí mi lọ́rùn. Tá a bá délé, á fi òrí pa á, á sì fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀.

“Ọrùn rèé bí uṣu gbígbẹ,” ló máa ń wí; iṣu ló ń pè bẹ́ẹ̀. “Ta ló so ẹ́ mọ́gi?”

Ó ń ràn mí lọ́wọ́. Mo lè yíjú sí òsì láìdi nǹkan mú. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀rẹ̀ tí mo nàró, ilé ṣì ń yí.

Ibẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi ti wá bá mi. Olùkọ́ ni, ní Àrámọ̀kọ ìlú wọn. Ọjọ́ tí ẹbí mi máa wá tọrọ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣíbí. Ìyá yìí ló tọ́ ọ dàgbà, ohun tí ó bá sọ nínú ilé náà, bí ẹni pé ilé ló sọ ọ́.

“Mo ti ṣàlàyé ohun tí dókítà wí fún wọn,” àfẹ́sọ́nà mi sọ. “Wọ́n ní ṣé dókítà ló máa bá mi gbé nílé ọkọ ni? Wọ́n ní kí o wá dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo wọn. Tí o bá ṣubú, àwọn ò fi ọmọ fún oníwárápá.”

“Mo gbọ́.”

“Ohun tí o máa sọ náà nìyẹn?”

“Mo gbọ́.”

Ó wò mí títí. “Ṣé o tiẹ̀ fẹ́ mi?”

Mo ní mo fẹ́ ẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe jáde, bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn nípa ìlú tí kò dé rí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò padà.

Ọjọ́ náà pé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tò sí pálọ̀ yẹn, a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lílọ sílẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n ní ká dìde. Mo gbé orí díẹ̀, ilẹ̀ sì ṣí bí ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá. Mo dá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi padà sórí sìmẹ́ǹtì. Nítorí pé ilẹ̀ nìkan ni mo rí láti ìgbà náà lọ, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gba ìyókù, bí mo ṣe ń gba ti ìròyìn yòówù.

Ọ̀rẹ́ mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ fún mi pé: “Mo rò pé o ti kú ni. Mo wá ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ìyá ẹ.”

Ìyàwó mi ní ẹnì kan ṣoṣo lòun ń wò, ìyẹn ìyá tó tọ́ òun, nítorí pé ó ti fà síwájú lórí àga.

Àmọ́ bàbá arúgbó kan nínú ẹbí wọn kò mọ nǹkan kan nípa ṣíbí. Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rèé! Ó ní òun ò ní dìde àfi tá a bá súre fóun!” Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá náà bá kọjú sí àwọn ọ̀rẹ́ mi: “Ẹ̀yin tí ẹ ti dìde ńkọ́? Ta ló ń lé yín? Ẹ padà sílẹ̀!” Gbogbo wọn tún dọ̀bálẹ̀, tàwọn ti agbádá wọn. Mo gbọ́ bí ọ̀kan ṣe ń ṣépè fún mi lábẹ́nu.

“Ẹ jẹ́ kó dìde ná,” ìyá yẹn wí. “Ìre náà kò ní sá lọ.”

Ìgbà náà ni bàbá ìyàwó mi kúrò lórí àga rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ó rọra lóṣòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn ọrùn. Ọwọ́ náà le koko. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró.

“Ṣé ilé ń yí?” ó béèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ó ń yí, Bàbá.”

“Má kánjú. Máa mí.”

Ó wá gbóhùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ó ní kí Ògún ṣọ́ mi nínú gbogbo mọ́tò tí màá wọ̀. Ó pe àwọn tó ti kú nínú ẹbí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dórí àwọn tí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń húkọ́, àwọn yòókù ń ṣe àṣẹ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àtàńpàkò rẹ̀ ń tẹ ibi tí dókítà tẹ̀ ní Ìjerò. Ìyàwó mi ní ìre náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí iyán fi tutù.

“Ó tó,” bàbá rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. “Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná.”

Mo kúnlẹ̀, mo sinmi díẹ̀, mo sì rọra nàró. Bàbá arúgbó tún pariwo: “Ó kí wa bí ọkùnrin, ó tún kí wa bí obìnrin!” Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò ṣubú.

Ìyá yẹn kò rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi, mo rí ọwọ́ rẹ o.”

“Mi ò fi pa mọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọrùn ló ń dà á láàmú, irú èyí tó dà mí láàmú nígbà tí mò ń fi orí ru pákó jáde nínú igbó Èrìò. Àbí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń gbé omi gbígbóná fún mi?”

Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wò mí. “Ṣé pákó lòun náà ń rù ni?”

“Rẹ́kọ́dà ni, Mà,” mo dáhùn.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Pákó àwọn alákọ̀wé,” ọ̀rẹ́ mi dá sí i.

Ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ló wí fún àwọn obìnrin ilé pé: “Ẹ gbé iyán fún un kó jẹun. Ẹ gbé omi kaná nítorí ọrùn rẹ̀.” Bí wọ́n ṣe fi ọmọ fún mi nìyẹn.

Má bi mí bí inú mi ṣe dùn tó. Mo jẹ iyán tútù yẹn tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, òwú inú mi ṣì wà níbi tó wà. Dókítà sọ òótọ́, kò yára. Iṣan náà ń dẹ̀ lọ́dọọdún, ìyàwó mi ń fi omi gbígbóná jó o, títí mo fi rí i pé ó ti pẹ́ tí ògiri ti dúró síbi tí wọ́n mọ ọ́n sí. Ìgbà tí mo ní àyè láti ronú ló tó yé mi pé gbogbo èèyàn ló ti bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lóṣòó sílẹ̀ níbi tí mo wà tó béèrè bóyá ilé ń yí, tó sì dúró síbẹ̀ títí ó fi yí tán. Tí mo bá ń bá ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, mo máa ń lóṣòó.

Nígbà tí bàbá náà kú, pálọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kòkó sì wà níta. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ǹtì. Kò sí ohun tó ń yí. Mo lè dìde nígbà tó bá wù mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, béèrè pé ta ló wà nílẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àna wọn ni, oníròyìn.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó wí. “Á dìde tó bá yá.”