Ẹni Tó Wà Nídìí Tọ́ọ̀gì

Kí ogun abẹ́lé tó dé, tọ́ọ̀gì tí Fọláránmi ń wà, ọkọ̀ omi alágbára tó ń fa ọkọ̀ mìíràn, ẹrù àwọn òyìnbó tó ń wa epo ló ń fà. Bó bá dé ojú omi Awoye, yóò dẹ iná. Ta ni kò mọ̀ ní Ìlàjẹ pé bí ọkọ̀ ńlá bá pàdé ọkọ̀ àjẹ̀, ọkọ̀ ńlá ló ń rọra, kí ìgbì má baà da ọmọlọ́mọ sómi? Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ni Moríkẹ́ ẹlẹ́ja rí tó fi fún un ní ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́.

Nígbà tí ìjọba gba tọ́ọ̀gì náà fún ogun, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú, wọ́n gbé ìbọn ńlá síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹnu òkun. Wọ́n gba Fọláránmi mọ́ ọn, wọ́n sì fún un ní fìlà ológun. Áà, fìlà! Fìlà ọ̀hún gun bàbá lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń bọ̀ láti ẹnu òkun, èrò dúró létí omi, wọ́n ń wòran. Fọláránmi tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ó rí ọkọ̀ àjẹ̀ kan tí ẹja yíyan kún inú rẹ̀, ó rí obìnrin tó ń juwọ́ pé kó rọra. Kò rọra. Ìgbà tí ìgbì yí ọkọ̀ náà dànù, tí obìnrin náà yọrí lómi, ló tó mọ̀ pé Moríkẹ́ ni. Kàkà kó padà, ó tẹ orí ba.

Nílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀gá ológun tó wà nínú ọkọ̀ ló pàṣẹ pé kó máa sáré. Ọ̀bùn kúkú rí ikú ọkọ tìrànmọ́. Ìyàwó sọ ọ́ fún Moríkẹ́, ìyá rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Moríkẹ́ bá ọ̀gá náà ní èbúté.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ní kí ọma mi máa sáré bẹ́ẹ̀? Ẹja mi ti bómi lọ."

Ẹnu ya ọ̀gá. "Màmá, mi ò pàṣẹ kankan. Oorun ni mo ń sùn. Ẹ bi ẹni tó wà nídìí ọkọ̀."

Moríkẹ́ wo àna rẹ̀ tó dúró nídìí ọkọ̀. Fọláránmi ṣí fìlà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ara rẹ̀ kọ̀. Ojú tì í débi pé ìbá bẹ́ sómi.

Moríkẹ́ yíjú padà, ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Afẹ́fẹ́ ló dà mí nù. Arúgbó ni mí, mo ṣì í sọ ni."

Ó dìde, ó kí Fọláránmi bó ṣe máa ń kí i: "Bàbá Tabitha, ẹ kú iṣẹ́."