Bí A Ṣe Polówó Òyìnbó Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí gbogbo ìlú Ìwàrájà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wo fíìmù aláwàdà láìrẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà ogun abẹ́lé ni. Àlàájì, ọ̀gá mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ni mọ́tò sinimá. Èmi obìnrin ni mo ń fi gbohùngbohùn polówó kiri láti Òṣogbo dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí fíìmù tuntun. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ti òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ṣubú ṣáá, fíìmù àtijọ́ tí kò lóhùn. Ta ni yóò fi oko kòkó sílẹ̀ wá wo ìyẹn?

Àlàájì ní, "Ṣebí rédíò ń sọ ọ́ pé ká ṣọ́ ẹnu wa, kí ọ̀tá má baà gbọ́? Wàláì, ọkùnrin yìí ò sọ̀rọ̀ rí!" Ló bá ní kí wọ́n ya òyìnbó náà sára pátákó pẹ̀lú aṣọ ṣọ́jà, kí n sì máa kígbe pé, "Ẹ wá wo akọni tí kì í tú àṣírí!"

Èrò ya bo gbọ̀ngàn Ìwàrájà. Ọ̀sán la ń ṣe é nígbà náà, torí ogun ò jẹ́ ká tan iná lálẹ́; àpò kòkó la fi dí fèrèsé. Òyìnbó ṣubú sínú ọ̀dà, kẹ́kẹ́ pa. Àkàbà gbé e ṣánlẹ̀, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Àwọn aboyún ti fi ìborùn bojú. Odi ni wọ́n pè é, ta ló sì fẹ́ fi odi ṣẹ̀sín kó wá lọ bí odi?

Àlàájì sọ sí mi létí pé, "Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín lónìí, mo ń ta mọ́tò yìí."

Inú bí mi. Bí òyìnbó ṣe tún ṣubú, mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, mo fi ohùn Ìjẹ̀ṣà lọgun bí ẹni pé òun ni: "Yéè! Ulé àna mi mà rèé! Ẹ má sọ fún yèyé mi o!"

Ẹ̀rín bú. Bàbá kan dìde: "Àbí ó ń sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Ó ń sọ̀rọ̀, bàbá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni."

"Mo ti fura! Ó jọ wá lójú."

A ò ta mọ́tò mọ́. Èmi ni agbẹnusọ òyìnbó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní Ifẹ̀wàrà, ó ń ṣàròyé kòkó. L'Óṣogbo, ó ń ṣe àlàmùdù bíi Mùsùlùmí.

Nígbà tí ogun parí, ìyá kan dá mi dúró ní ìkóríta Ìwàrájà. Ọmọ tirẹ̀ lọ sógun, kò bọ̀.

Ó ní, "Ọmọ wa ṣọ́jà inú sinimá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti dé?"

Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo ní, "Ó ti dé, ìyá. Kò fara pa."

Ó kúnlẹ̀ lójú títì, ó ń dúpẹ́.